Mo bú agbábọ́ọ̀lù Super Falcons, ọmọ mi obìnrin sì kà á

BàbáWíńgà (Ṣàgámù), Ọjọ́bọ̀ 30 Oṣù Kẹwàá 2025, 5:48 àárọ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ káàárọ̀. N kò rí oorun sùn lóru àná, ìdí nìyí tí mo fi jí kọ èyí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ mọ́tò láti Ṣàgámù lọ sí pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, láti wo Super Falcons, ikọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin Nàìjíríà, pẹ̀lú Benin. Ọ̀mì 1–1 ni. Góòlù méjì sí òdo tí wọ́n ti fi na Benin ní Lomé lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí ló gbé wa dé Ife Áfíríkà àwọn obìnrin tó ń bọ̀. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, 3–1 ni, a ti wọlé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ikọ̀ tó lọ gba ife mọ́ Mòrókò lọ́wọ́ nílé wọn ní Rabat ní oṣù Keje, òun ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú wa bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo pa iṣẹ́ ọjọ́ kan tì torí wọn.

Inú mọ́tò tí mo fi ń padà bọ̀ ni mo ti yọ fóònù, mo kọ ọ̀rọ̀ sórí Facebook nípa ọ̀kan nínú wọn. Ká ní bọ́ọ̀lù tó sọ nù ni mo sọ, ì bá sàn. Mo ní ó ń sáré bí abiyamọ tó ru omi. Mo ní kó lọ wá ọkọ fẹ́, kó fi pápá sílẹ̀ fún àwọn tó lẹ́sẹ̀. Kí n tó dé Ṣàgámù, àwọn tó fi ẹ̀rín sí i ti lé ní igba. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn sí ẹ̀rín yẹn nígbà náà.

Ọmọ mi obìnrin pé mẹ́tàlá ní oṣù Kẹjọ. Wíńgì ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún níwájú, ló ń gbá fún ilé ìwé wọn, fóònù mi ló sì fi ń wo bọ́ọ̀lù lálaalẹ́. Ó rí ohun tí mo kọ. Lánàá, mo ń wá nǹkan nínú àpò tí ìyá rẹ̀ ń kó aṣọ tí a fẹ́ fi tọrẹ sí, mo sì bá búùtù rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha gbogbo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó so okùn méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Mo pè é, mo ní kí ló dé. Kò wojú mi. Ó ní, "Dádì, bí èmi náà ṣe ń sáré nìyẹn."

N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe lọ́dọ̀ ọmọ? Àti pé ṣé a ò wá gbọdọ̀ sọ mọ́ pé ikọ̀ gbá ìgbákugbà ni? Torí ohun tí mo rí ní Kútọ̀ kò dára, n kò sì fẹ́ purọ́ fún ọmọ mi pé ó dára.

AlájọÌpẹ́rù, 6:20 àárọ̀

Ẹ kọ́kọ́ pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Báyìí báyìí, kí ẹ tó ka èsì ẹlòmíràn. Ọmọ yẹn á tún lọ wò ó lónìí bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

ỌmọBàlógun (Ìjẹ̀bú-Òde), 7:05 àárọ̀

Bọ̀dá, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn ní ká pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń wo òun. Bí ẹṣin bá gbé e ṣubú, wọn yóò máa sọ ọ́ títí di ọdún mìíràn. Àwọn tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn Rabat, Ààrẹ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní owó tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là, ó fi ilé oníyàrá mẹ́ta kún un, ó sì fún wọn ní oyè orílẹ̀-èdè OON. Ẹni tó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ yẹ kó lè gba ọ̀rọ̀. Super Eagles ńkọ́? Wọ́n ń gbọ́ ju èyí lọ, n kò rí ẹni tó ń sunkún fún wọn.

Gbogbo Ife Áfíríkà àwọn obìnrin ni àwa nìkan ń gbà tẹ́lẹ̀. Tí a bá ń pọ́n wọn lé báyìí, Benin máa nà wá lọ́jọ́ kan.

Ẹ kọ́ ọmọ yín kí àyà rẹ̀ le. Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn.

Akọ̀wéEré (Ìlíṣàn), 7:41 àárọ̀

Kì í ṣe gbogbo ife, ẹ̀gbọ́n. Equatorial Guinea gba ti 2008 àti 2012, Gúúsù Áfíríkà gba ti 2022. Ní 2022 yẹn, ipò kẹrin la ṣe. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, rẹfirí lé èèyàn wa méjì jáde, mẹ́sàn-án ló gbá a dé òpin pẹ̀lú Mòrókò, pẹ́nárítì ni wọ́n fi lé wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni Zambia tún nà wá 1–0. Ife mẹ́wàá ni CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, kà fún wa báyìí. Ẹni tó bá ní méjìlá ti ka 1991 àti 1995 mọ́ ọn, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbá a nílé-lóko, láìkó gbogbo orílẹ̀-èdè jọ síbì kan.

Ti owó: ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó oṣù. Àwọn tó gba ife 2016 ní Cameroon, inú hòtẹ́ẹ̀lì ní Abuja ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ní àwọn ò lọ, torí àjẹmọ́nú tí wọn kò rí gbà. Wọ́n wọ́de dé Ilé Aṣòfin ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní 2022, kí wọ́n tó pàdé Zambia, wọn kò jáde fún ìgbáradì nítorí owó kan náà. Bí a bá ní ohùn tó lọ sókè, ibẹ̀ yẹn ni ká kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ẹ ní Super Eagles ń gbọ́ ju èyí lọ. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún Super Eagles rí pé kí wọ́n lọ wá ìyàwó fẹ́, kí wọ́n fi pápá sílẹ̀? Bí ọkùnrin bá pàdánù bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ la máa ń bú. Bí obìnrin bá pàdánù rẹ̀, à ń bi í pé kí ló wá ṣe níbẹ̀.

NọḿbàMẹ́ta (Ìjẹ̀bú-Igbó), 9:15 àárọ̀

BàbáWíńgà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín, torí èmi náà ti wà nínú pápá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù líìgì, apá òsì lẹ́yìn. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà.

Ohun tí àwọn òǹwòran kò mọ̀ ni pé ariwo èèyàn púpọ̀ kì í dun agbábọ́ọ̀lù. Ó máa ń dà bí òjò lórí páànù, ìwọ á gbàgbé rẹ̀. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń dùn ọ́, èyí tí o gbọ́ dáadáa. Nílé wa, ní ìlàjì kejì, ìlà ẹ̀gbẹ́ tí mo máa ń ṣọ́ wà lẹ́bàá ibi tí àwọn ọkùnrin kan máa ń jókòó sí lórí búlọ́ọ̀kù. Ọ̀kan nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rárá. Itan mi ló máa ń sọ, àti irun mi tí mo gé, pé ta ló máa fẹ́ mi. Mo gbọ́ ọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a bá gbá nílé. Nígbà tó yá, láìmọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sún wọnú, mo ń fi ìlà yẹn sílẹ̀ kí n má bàa sún mọ́ ọn. Kóòṣì ń pariwo pé kí n ṣí jáde, n kò lè sọ fún un pé kí ló fà á. Ọjọ́ kan ni wíńgà àwọn ọ̀tá wa gba ibi tí mo fi sílẹ̀ yẹn, ó gbé bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n gbá a sínú àwọ̀n. Ọkùnrin yẹn dìde, ó ní ṣé òun kò ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló gbá góòlù yẹn wọlé.

Ẹ gbọ́ èkejì. Ìyá kan wà tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà pápá kan náà. Ìyá yẹn kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a fìdí rẹmi, mo lọ ra ẹ̀pà, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ìgbàkígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ wá bá ọ, ẹ̀yìn lo ń kọ sí ẹni tó ń sáré bọ̀. Yíjú díẹ̀ kí o máa rí i." Ó dùn mí dé egungun. Mo sunkún délé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo gbìyànjú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi bẹ́ẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìyókù sáà náà.

Àwọn méjèèjì ló sọ òdì sí mi. Ọ̀kan sọ ohun tí mo lè tún ṣe. Èkejì sọ ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ mi.

ỌmọBàlógun (Ìjẹ̀bú-Òde), 10:02 àárọ̀

Àǹtí NọḿbàMẹ́ta, mo gba tiyín, ọkùnrin yẹn kò níwà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí oṣù Keje tó kọjá. Wọ́n na Tunisia 3–0, ó dáa. Wọ́n wá na Botswana 1–0 pẹ̀lú làálàá, wọ́n gbá 0–0 pẹ̀lú Algeria. Gbogbo wa figbe ta, títí kan èmi. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 5–0 ni wọ́n na Zambia! Ariwo wa ló jí wọn. Tí a bá dákẹ́, ṣé wọ́n á jí?

KóòṣìKékeré (Ìpẹ́rù), 12:34 ọ̀sán

Rárá o. Kì í ṣe ariwo.

Botswana àti Algeria kó èèyàn mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n ti ọ̀nà pa. Ikọ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, Brazil náà á fi àádọ́rin ìṣẹ́jú kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Zambia kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí bọ́ọ̀lù wọn, eré sísá síwájú ni. Wọ́n jáde, ààyè ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, a wọ ibẹ̀. Àwọn obìnrin kan náà ni, ohun tó dojú kọ wọ́n ló yí padà. Ẹni tó fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n lórí Botswana ní ohun gidi tó lè sọ: pé kí ló dé tí bọ́ọ̀lù fi ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn, kí ló dé tí wọn kò tètè gbé e láti apá kan dé apá kejì kí àwọn tó tì í pa tó sún. Ìyẹn dùn ún gbọ́ létí kóòṣì, ó sì wúlò fún un.

Ẹ tún wo ìgbà tí wọ́n ń pàdé. Ọ̀kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, òmíràn láti Faransé, òmíràn láti Sípéènì, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń wà pọ̀ kí wọ́n tó gbá. Àkàrà tí a kò po dáadáa, ẹ ò lè dá òróró lẹ́bi.

BàbáWíńgà, ohun tí mo ń ṣe fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ nìyí. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Super Falcons gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Algeria ní pápá Remo Stars, Ìkẹ́nnẹ́. Mo kó ọmọ méjìlá lọ, ọkùnrin àti obìnrin. Mo fún wọn ní ìwé àti bírò, mo ní kí kálukú mú agbábọ́ọ̀lù kan péré, kó má wo bọ́ọ̀lù, ẹni yẹn nìkan ni kó máa wò. Kó máa fa igi kan fún ìgbà tó bá wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó máa fa igi mìíràn fún ìgbà tí kò wẹ̀yìn. Ní òpin rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé kì í sọ̀rọ̀ rárá gbé ìwé rẹ̀ wá, ó ní, "Sà, nígbà tó rẹ̀ ẹ́ ló ṣíwọ́ wíwẹ̀yìn." Ọmọ ọdún méjìlá. Mo ti ń wo bọ́ọ̀lù láti ogún ọdún, n kò rí ìyẹn rí.

Ẹ ṣe é pẹ̀lú ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó bu ẹnu àtẹ́ lu Super Falcons fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Yóò mọ ìyàtọ̀ láìjẹ́ pé ẹ là á yé e.

OníwòranÌkẹ́nnẹ́, 1:20 ọ̀sán

Mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ Ajé kan ní oṣù Kẹjọ 2023, Super Falcons àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ife Àgbáyé, ní Brisbane. Aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ ni níbí. Àwọn èèyàn gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà wọlé, ibẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọgọ́fà ìṣẹ́jú, 0–0. Wọ́n lé Lauren James tiwọn jáde torí ó fi ẹsẹ̀ tẹ Michelle Alozie tiwa lẹ́yìn, gbogbo wa ti ní ó ti bọ́ sí i. Ó di pẹ́nárítì, Alozie gbá tirẹ̀ sójú òfuurufú. Oníbàárà mi kan, èèyàn dáadáa ni, àwo ẹ̀wà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá ọmọbìnrin yẹn. Ìyá rẹ̀ o. N kò dá a lẹ́kun, torí oníbàárà ni, ó sì ti ń dùn mí di òní.

Oṣù Keje ọdún yìí, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà. 1–1, àsìkò ti tán, wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú àfikún. Alozie yìí kan náà fi bọ́ọ̀lù gígùn kan ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó wọlé. 2–1. Ọkùnrin yẹn fò sókè, ó dì mọ́ mi, ó ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe àbúrò ẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó rántí. Kò rántí rárá. Àwa tí à ń sọ ọ́ kì í rántí.

Mo tún kà pé obìnrin yẹn ti ṣiṣẹ́ rí nínú yàrá ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Texas mọ́ bọ́ọ̀lù tó ń gbá. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ wá iṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Akọ̀wéEré (Ìlíṣàn), 1:52 ọ̀sán

Àfikún díẹ̀ kí ó má bàa dà bíi pé Alozie nìkan ló pàdánù. Desire Oparanozie ló kọ́kọ́ gbá tiwa síta. Kódà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú pàdánù, Georgia Stanway ló gbá a. 4–2 ló parí sí. Ikọ̀ wa yìí kan náà ti na Australia 3–2 nílé wọn ní ìpele àkọ́kọ́, Nnadozie, gòlì wa, sì ti gba pẹ́nárítì Christine Sinclair ti Kánádà.

BàbáÒdeRẹ́mọ, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. 1999 ni tèmi, Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà. Wọ́n nà wá 7–1 ní ìpele àkọ́kọ́, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fúnra wọn ni. Ẹ wo ohun tí a kò sọ tán sí wọn nígbà yẹn! Síbẹ̀ wọ́n na Kòríà Àríwá àti Denmark, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Brazil. Kí ìlàjì kìíní tó parí, Brazil ti gbá mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń wò ó dìde lọ sùn. Èmi jókòó, torí pé oorun mi kì í tètè wá. Wọ́n dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Góòlù oníwúrà, èyí tó ń parí eré lójú ẹsẹ̀ ní àsìkò àfikún, ni Sissi ti Brazil fi pa wá lẹ́yìn náà, 4–3. Àwọn tó lọ sùn gbọ́ 4–3 láàárọ̀, wọ́n ní, "Wọ́n tún ti nà wọ́n." Wọn kò rí ohun tí mo rí.

BàbáWíńgà, òwúrọ̀ ọ̀la, kí ọmọ tó lọ sí ilé ìwé, pè é. Sọ fún un pé o ṣì í sọ. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

AlájọÌpẹ́rù, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé kí bàbá máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá? Ní ilé tiwa, ìyá rẹ̀ ló máa bá a sọ ọ́, ọmọ á mọ̀ pé bàbá ti gbọ́.

BàbáÒdeRẹ́mọ, 4:49 ìrọ̀lẹ́

Bí ìyá rẹ̀ bá kọ ọ́ ni, ìyá rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ni kó sọ ọ́. Mo ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi méjì, mo ṣì ń jẹ́ bàbá wọn.

ÌyáÌbejì (Ìjẹ̀bú-Òde), 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dandan gbé búùtù lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, tiyín ni búùtù yẹn máa jẹ́, kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ọkùnrin kò ní rántí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Kí ìyá rẹ̀ rọra bi í bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti irú ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé. Funfun ni ti àwọn ọmọ mi, ọ̀kan nínú wọn fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ odindi sáà kan láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á kí nǹkan má yọ lára funfun níwájú àwọn ọkùnrin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àwọn obìnrin wọn sọ ọ́ títí wọ́n fi pa funfun tì ní 2023, wọ́n gbé búlúù wọ̀. A ra ṣòkòtò penpe dúdú fún ọmọ mi láti wọ̀ sábẹ́, ó padà sí pápá lọ́sẹ̀ náà. N kò sọ pé ohun tó ṣe tiyín nìyẹn. Àmọ́ bí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa bí obìnrin ṣe ń sáré kàn bá a níbẹ̀ ni.

GòlìObìnrin19, 8:07 alẹ́

Bọ̀dá, ìgbà mélòó ni ẹ ti lọ wo òun náà gbá? Bàbá mi wá lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣì mọ ibi tó dúró sí.

BàbáWíńgà (Ṣàgámù), Ọjọ́ Àbámẹ́ta 1 Oṣù Kọkànlá 2025, 9:26 alẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. GòlìObìnrin, ìbéèrè rẹ gún mi. Mo lọ sí Abẹ́òkúta nítorí Super Falcons, pápá ilé ìwé ọmọ mi sì wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílé wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ síbẹ̀ rí, mo sì kúrò ní ìlàjì.

Mo pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ní àárọ̀ àná, mo pe ọmọ mi síta, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Mo ní, "Ohun tí mo kọ kò dára, kì í ṣe òótọ́, n kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́." Ó ní, "Ẹ̀ẹ́, sà." Kò sọ nǹkan mìíràn. Mo rò pé kò gbọ́ mi. Lálẹ́, mo kọ òmíràn sórí Facebook, mo kọ́kọ́ fún un kà kí n tó gbé e síta. Mo kọ ọ́ báyìí: "Mo wo Super Falcons ní Kútọ̀. Bọ́ọ̀lù ń pẹ́ jù láàárín kó tó dé iwájú. Àwọn wíńgà ń gbé e wọ inú nígbà tí èèyàn wọn méjì ṣì wà lẹ́yìn. Mo bú ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ náà, mo ṣe àṣìṣe, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà."

Ó kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Dádì, kì í ṣe ẹ̀bi wíńgà. Tí wíńgà bá gbé e wọ inú, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó sáré gba ìta kọjá. Bí kò bá sáré, kí ni kí wíńgà ṣe?" Mo ní kó tún un kọ. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún un kọ. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí, òun ló kọ ìlà kẹta. Mọ́kànlá péré ló tẹ̀ ẹ́ pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀.

ÌyáÌbejì, ìyá rẹ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ yẹn. N kò bèèrè ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n jọ lọ sí ọjà lónìí.

Búùtù ti kúrò nínú àpò. Ó wà lórí fèrèsé yàrá rẹ̀, okùn ṣì so pọ̀. Ó ní òun kò tíì mọ̀ bóyá òun máa lọ lọ́jọ́ Ajé. N kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

ỌmọBàlógun (Ìjẹ̀bú-Òde), 9:58 alẹ́

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ẹni tó wọ ẹ̀wù orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu wa, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọ̀mì pẹ̀lú Benin nílé kò bójú mu. Ṣùgbọ́n mo padà ka àwọn ohun tí mo kọ ní oṣù Keje. Mẹ́ta wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo ti pa wọ́n rẹ́. Ọmọ yín sọ òótọ́ nípa wíńgà, mo padà lọ wo fídíò rẹ̀.

KóòṣìKékeré (Ìpẹ́rù), 10:15 alẹ́

Nọ́ḿbà mélòó ló ń wọ̀? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹsẹ̀ wọn ń yára dàgbà, ó lè jẹ́ pé búùtù yẹn ti ń fún un.

BàbáWíńgà (Ṣàgámù), 10:31 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ lọ wò ó. 37 ló wà lórí búùtù. Bàtà ilé ìwé tí a rà fún un ní oṣù Kẹsàn-án, 39 ni.

KóòṣìKékeré (Ìpẹ́rù), 10:33 alẹ́

Mo ní 39 kan nílé, ọmọ kan ló fi sílẹ̀, kò tíì gbó. Ẹ má sọ fún un pé mo fún yín. Ẹ kàn gbé e sórí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Mo máa wà ní gáréèjì Ṣàgámù ní aago mẹ́rin ọ̀la.